"Wọ́n Ṣí Ilẹ̀kùn": Eré Orí Yìnyín Tó Parí Iṣẹ́ Ìròyìn Mi

Ilé ìkàwé àdúgbò wa ní Dagenham pè mí kí n wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Màmá, ṣé èèyàn lè fi iṣẹ́ ìròyìn jẹun?" Mo ní ó lè fi í jẹun, bí kì í bá ṣe alájẹjù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kí n sọ tẹ̀ lé e kò lè wọ inú àkókò tí wọ́n fún mi, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ síbí. Bí ẹ bá kà á tán tí iṣẹ́ náà ṣì wù yín, ẹ ṣe é. N kò ní bá yín jà.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà tí mo dé Goresbrook, ní Dagenham níbí, kò sì pẹ́ tí ilé ìwé-ìròyìn àdúgbò kan fi gbà mí síṣẹ́. Owó rẹ̀ kéré, kéré ló sì jẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ mi ni pé kí n gbé fóònù sétí, kí n máa tẹ ohun tí àwọn akọ̀ròyìn bá ń kà sí mi létí láti ìta. Etí mi ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n kà kò bára mu. Ọ̀gá wa, Míṣítà Brennan, gbọ́ mi lọ́jọ́ kan. Ó ní bó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí n wọ kóòtù mi, kí n lọ mú tèmi wá.

Ọkùnrin yẹn le. Kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló burú nínú rẹ̀. Yóò mú ìròyìn rẹ, yóò máa kà á sókè lójú gbogbo èèyàn. Bó bá dé gbólóhùn tí kò ti ẹnu ẹnikẹ́ni jáde, yóò dákẹ́ síbẹ̀, yàrá náà yóò sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, títí ìwọ fúnra rẹ yóò fi sọ pé kó yọ ọ́ kúrò.

Iná jó ṣọ́ọ̀bù atúnbàtàṣe kan. Mo kọ ọ́ pé ọkùnrin náà banújẹ́. Brennan dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó sọ fún ọ bẹ́ẹ̀?" Mo ní rárá, ojú rẹ̀ ni mo wò. Ó dá mi padà sínú òjò. Atúnbàtàṣe náà dúró síwájú eérú rẹ̀, ó ní, "Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn, nítorí olè." Gbólóhùn yẹn ni Brennan fi ṣíwájú ìròyìn náà. "Ẹnu wọn ni kí o máa gbé wá," ó wí. "Tìrẹ, fi í sílé."

Ìgbà kan wà tí obìnrin kan sọ fún mi pé omi tó ya wọ ilé òun pọ̀, èmi sì kọ ọ́ pé ó pọ̀ gan-an. Brennan ní ta ló ni "gan-an". Mo lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ní, "Ṣé nítorí 'gan-an' ni ojú rẹ ṣe wú báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí "gan-an" ni. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi sùn. Ṣùgbọ́n n kò fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Irinṣẹ́ wa yí padà níṣojú mi. Taipíráítà la bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dé, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà fóònù tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín ni pé èyíkéyìí tó bá wọlé, èèyàn kan ló ń lé jáde. Fóònù kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán, ayàwòrán wa lọ. Kọ̀ǹpútà kọ́ bí wọ́n ṣe ń to ojú ìwé, àwọn tó ń tò ó lọ. Brennan kú. A kó kúrò nínú ilé-iṣẹ́ ńlá wa lọ sí yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù adìyẹ díndín, láti ibẹ̀ a kó lọ sí tábìlì ìdáná mi. Nígbà tó yá, ìwé-ìròyìn náà kò sí lórí bébà mọ́, orí ìkànnì nìkan ló kù, èmi nìkan ló sì kù tó ń jáde lọ fi ojú ara rẹ̀ wo nǹkan.

Bí mo ṣe dé ìdí họ́kì orí yìnyín nìyẹn. Kò sẹ́lòmíràn tó máa lọ.

Ní Castle Green, lẹ́bàá òpópónà A13, wọ́n sọ ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan di gbọ̀ngàn yìnyín. Ẹgbẹ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Áńkọ̀. Wọn kì í gbowó kankan fún eré náà. Awakọ̀ ni wọ́n, oníná mànàmáná, olùtọ́jú aláìsàn. Bàtà tó ní abẹ lábẹ́ ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á mú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n á máa lé nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan káàkiri. Pọ́ọ̀kì lorúkọ rẹ̀. Ìyá kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pè é ní ìdérí. "Ìdérí yẹn tún ti sọnù mọ́ wọn lẹ́sẹ̀," ó wí.

Ìyá Ládi nìyẹn. Ará Èkìtì ni, Marks Gate ló ń gbé, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni. Ọmọ rẹ̀, Ládi, tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Romford, ni gólì ẹgbẹ́ Áńkọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ilé wọn. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń ṣeré, láti ṣọ́ọ̀ṣì sì ni ìyá rẹ̀ ti máa ń wá tààrà. Á bọ́ sùtánà funfun rẹ̀ sínú àpò kó tó wọlé, nítorí ẹni tó wọ̀ ọ́ kì í wọ bàtà. "Ẹ̀mí kò ní kí n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ yìnyín," ó sọ fún mi. Lọ́jọ́ mìíràn ó ní, "Àlàájà, ta ló gégùn-ún fún wa? A sá fún òtútù ìta, a wá jókòó sínú òtútù ilé." Láti ọjọ́ náà la ti di ọ̀rẹ́.

Ẹnì kan tún wà. Terry, bàbá òyìnbó kan tó dàgbà ju èmi àti Ìyá Ládi lọ, ló ń rí sí yìnyín náà. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń mú un dán, òun náà ló kọ́ Ládi bí wọ́n ṣe ń dúró lórí rẹ̀ nígbà tí Ládi wà ní kékeré. Àǹkú Terry ni Ládi ń pè é di òní. Nítorí pé ìjókòó àwọn òǹwòran tutù, Terry máa ń gbé àga onítìmùtìmù kan fún Ìyá Ládi síbi ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára ògiri onípákó tó yí yìnyín ká, létí ibi tí àwọn Áńkọ̀ ń jókòó sí bí kò bá tíì kàn wọ́n.

Ní sáà tí mò ń sọ yìí, ẹni tó ni gbọ̀ngàn náà ti fẹ́ tà á. Ó ṣèlérí ohun kan: bí Áńkọ̀ bá ṣe sáà náà parí nínú líìgì, òun á fi yìnyín náà sílẹ̀ fún sáà kan sí i. Kò béèrè pé kí wọ́n borí. Kí wọ́n ṣáà ti parí rẹ̀. Ládi sọ fún mi pé, "Àǹtí, a ò dára rárá, àmọ́ a máa ń wá." Òótọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń fìyà jẹ wọ́n ṣáá, àwọn Áńkọ̀ sì ń padà wá. Ìgbà kan tí wọ́n borí, wọ́n gbé Ládi sókè, ó bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìyá rẹ̀ sì pariwo láti ìdí ilẹ̀kùn pé kí wọ́n gbé e bí ẹyin, nítorí iṣẹ́ wà lọ́la.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí sáà náà parí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ tó wá bá wọn ṣeré sáré lé pọ́ọ̀kì lọ síhà ògiri. Ó yẹ kí ògiri gbà á. Ilẹ̀kùn kékeré yẹn ló bá pàdé, wọn kò sì fi ìkọ́ há a. Ó já gba ẹnu ọ̀nà jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sára òpó. Gbogbo wa la gbọ́ bó ṣe kán. Ìyá Ládi kúnlẹ̀ tì í, ó bọ́ ìborùn rẹ̀ bò ó, ó sì ń gbàdúrà títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé.

Ẹgbẹ́ kejì ní àwọn Áńkọ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ilẹ̀kùn náà, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Ìgbìmọ̀ líìgì pe ìpàdé. Terry sọ fún wọn pé òun kò rántí pé òun fọwọ́ kan ilẹ̀kùn kankan. Ìyá Ládi nìkan ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, Yorùbá lòun máa fi sọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ má baà yẹ̀ lẹ́nu òun. Ẹgbẹ́ kejì ní ọmọ Yorùbá kan wà lọ́dọ̀ àwọn tó lè túmọ̀ rẹ̀, Dámi lorúkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun tó burú. Wọn kò jẹ́ kí èmi tàbí Ládi wọlé.

Ìpinnu ìgbìmọ̀ jáde kíákíá: wọ́n yọ Áńkọ̀ kúrò nínú líìgì. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí àwọn Áńkọ̀ fúnra wọn ló jẹ́rìí sí i.

Ládi wá bá mi nílé. Kò jókòó. Ó ní, "Àǹtí, Mọ́mì sọ pé àwa ni. Mọ́mì mi." Kò tíì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ látìgbà náà.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Marks Gate. Mo bẹ Ìyá Ládi kó sọ ohun tó sọ fún ìgbìmọ̀ náà, kó má fi kún un, kó má yọ níbẹ̀. Ó ní wọ́n bi òun bóyá òun rí ọkùnrin tó ń rí sí yìnyín lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn rẹ̀ nìyí: "Mo rí wọn. Wọ́n wá dúró tì mí. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n gbá omi jáde, wọn ò sì há a padà." Wọ́n tún bi í bóyá Áńkọ̀ ló ni wọ́n. Ó ní, "Ẹni wa ni wọ́n."

Mo ní, "Ìyá Ládi, ta ni 'wọ́n'?"

Ó wò mí bíi pé òtútù ti wọ̀ mí lórí. "Bàbá Terry. Ta ni wọ́n bi mí léèrè? Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa pe ẹni tó jù mí lọ ní 'ó' ni, Àlàájà?"

Ẹ ti máa rí i pé "ó" ni mo ń pe gbogbo ẹni tó dá dúró nínú ìtàn yìí, ọ̀gá mi pàápàá. Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Àgbà kan ni Ìyá Ládi bọ̀wọ̀ fún. Ẹgbẹ́ kan lódindi ni wọ́n gbọ́.

Mo wá Dámi lọ sí ṣọ́ọ̀bù fóònù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Barking. Ọmọ dáadáa ni. Ó gbé ìjókòó fún mi kó tó mọ ohun tí mo bá wá. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Àǹtí, I swear, mo gbọ́ 'wọ́n', mo sọ 'they'. 'Wọ́n' is 'they', àbí? Nílé wa, English la máa ń sọ." Mo ní ṣé ó lè wá sọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbìmọ̀ náà. Ó wo ẹ̀yìn bóyá ọ̀gá rẹ̀ ń gbọ́. "Ọ̀rẹ́ mi ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fẹ́ kí n lọ sọ pé irọ́ ni mo pa?" Mo ní kò purọ́. Ó ní, "Ohun tí wọ́n máa gbọ́ nìyẹn, Àǹtí." Kò wá.

Ìyá Ládi nìkan ló kù tó lè tún un ṣe, ó sì ní ohun tó ń dí i lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti kíyè sí Terry. Terry ti fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pè é rí. Ó máa ń gbé àga wá fún un, á sì tún gbé òmíràn wá. "Wọn ò rántí mọ́," Ìyá Ládi sọ fún èmi àti Ládi nínú ìdáná rẹ̀, níbi tí mo ti mú àwọn méjèèjì jókòó. "Wọn ò parọ́ fún ìgbìmọ̀. Wọn ò rántí ni. Bí mo bá dárúkọ wọn, wọ́n á lé wọn. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́."

Ládi fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ìyá rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dárúkọ wọn. Ẹ jẹ́ kí líìgì lọ."

"Wọ́n ń sọ pé ìwọ lo dá ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ìyẹn náà, ṣé kí n jẹ́ kó lọ?"

Ìyá Ládi fúnra rẹ̀ ló pinnu pé òun á padà lọ jẹ́rìí. Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀, mo béèrè ògbufọ̀ tó mọṣẹ́, wọ́n sì gbà. Wọ́n jẹ́ kí n jókòó lẹ́yìn. Ní ọ̀nà ibẹ̀, mo ti sọ fún un pé kó lo "ó", kí ẹnikẹ́ni má baà tún ṣì í gbọ́. Ó ní ẹnu òun kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó di àpò rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Terry ni. Ó ṣí i. Ó gbàgbé láti há a. Ara rẹ̀ kò yá." N kò gbọ́ ọ rí kó pe ọkùnrin náà lórúkọ lásán bẹ́ẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló jókòó, ó sì ń nu ẹnu rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe èèyàn búburú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìṣòro wa ni pé nígbà àkọ́kọ́, ẹ ní 'wọ́n'. Lónìí ẹ ń sọ 'ó'. Ẹ̀yin sì ni ìyá gólì." Ògbufọ̀ náà gbìyànjú láti ṣàlàyé pé nínú èdè wa, ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ "wọ́n". Alága ní òun kò jiyàn, ṣùgbọ́n Ìyá Ládi ti fọwọ́ sí ẹ̀rí àkọ́kọ́, ìyẹn ni ìgbìmọ̀ sì máa tẹ̀ lé. Áńkọ̀ kò padà sínú líìgì.

Ṣùgbọ́n wọn kò ju ẹ̀rí kejì nù. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni gbọ̀ngàn, nítorí ààbò. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Terry lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó sì ní, níwọ̀n bí kò ti sí ẹgbẹ́ nínú líìgì mọ́, àdéhùn òun ti parí. Ó pa ẹ̀rọ tó ń mú kí yìnyín dì.

Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ Ìyá Ládi síbẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, "wọ́n" àti "ó", ti alága náà, ti Dámi láìdárúkọ rẹ̀. Kò sí "gan-an" kankan níbẹ̀. N kò tíì kọ ìròyìn tó dára tó o rí. Ó wà lórí ìkànnì fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ wa tó pa ìkànnì náà rẹ́. Wọn kò pè mí. Mo ṣí i ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kò sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì. Bí ẹ bá wá ìròyìn náà lónìí, ẹ kò ní rí i níbì kankan.

Ohun tí n kò lè sọ fún ọmọbìnrin ilé ìkàwé nìyẹn. Gbogbo ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi ni mo ṣe. Mo lọ bá ẹni tó rí i, mo gbé ẹnu rẹ̀ wá bó ṣe wà, mo gbé òótọ́ síwájú àwọn tó yẹ kó gbọ́. Wọ́n gbọ́ ọ. Kò gba ẹnikẹ́ni là, ó sì lé bàbá arúgbó kan kúrò níbi iṣẹ́. Mo ti wá ibi tí mo ti ṣì í, n kò rí i. Ì bá tù mí nínú díẹ̀ ká ní mo rí i.

Ìyá Ládi kò bínú sí mi. Ó máa ń kí mi lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì máa ń béèrè orúnkún mi. Kò dárúkọ Terry mọ́, ì báà jẹ́ "ó", ì báà jẹ́ "wọ́n".

Ọjọ́ Àìkú tó yẹ kó jẹ́ ìparí sáà náà, Ládi lọ kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní gbọ̀ngàn, mo sì bá a lọ. A bá Terry lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀, ó ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú ihò tí kò gbà á, torí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ládi ní kó jẹ́ kóun bá a ṣí i. Ó fi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n yá a ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó wọlé nìkan, ó sì tètè jáde pẹ̀lú àpò ńlá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti ilẹ̀kùn náà kí Terry tó lè yọjú wo inú.

Terry wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Kí ló dé tí o kò tíì múra? Eré ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ládi ní, "Wọ́n ti sún un síwájú, Àǹkú Terry."

"Kí wọ́n má sún un jìnnà," Terry wí. "Yìnyín máa ń bàjẹ́ bí wọ́n bá fi sílẹ̀ láìṣeré lórí rẹ̀."

Ládi ní òun á sọ fún wọn. Ó gbé àpò náà sí èjìká kejì kí ọwọ́ rẹ̀ kan lè ṣófo, ó fi di Terry lápá mú, wọ́n sì kọrí sí ibùdókọ̀. Omi ń sun jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn, ó ti ṣàn dé ojú ọ̀nà. Terry gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó ní kí Ládi rọra, ilẹ̀ ń yọ̀.